Kọ́míìkì tí bọ́ọ̀sì ni olórí ìtàn: èwo ni kí ẹ mú?

Ìbéèrè tí àwa Yorùbá tó ń ka irú kọ́míìkì tí bọ́ọ̀sì, ìyẹn ìkà inú ìtàn, ti jẹ́ olórí ní Àbújá máa ń bi ara wa jù ni pé, "Èwo ló burú jù nínú wọn?" Ẹni tó ń béèrè fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, iye ènìyàn tó kú, àti bí ojú bọ́ọ̀sì náà ṣe bani lẹ́rù tó. Èmi ò rò pé ìbéèrè yẹn lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti yan ìwé. Ẹ̀jẹ̀ ò wọ́n nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ohun tó mú kí ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì ni ibi tí òǹkọ̀wé ní kí ẹ jókòó sí. Òmíràn á gbé yín sínú orí ìkà náà, ojú rẹ̀ lẹ ó máa fi wo ayé. Òmíràn á fi yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọmọ ẹ̀yìn. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ìkà náà ṣe léṣe lẹ ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá ti mọ èyí tí ara òun gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní náwó sórí ìwé tí kò ní lè kà parí.

Àwọn tí mo máa mẹ́nu kan èrò wọn níbí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nínú ọ̀rọ̀ kọ́míìkì. Olùkọ́ girama kan wà láàrin wọn ní Kubwa, nọ́ọ̀sì kan wà tó ń gbé Nyanya, ẹ̀gbọ́n kan wà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Garki, òmíràn ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Wuse, ọ̀kan sì jẹ́ àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ síbí. A máa ń yá ara wa níwèé, a sì máa ń jiyàn lé wọn lórí gan-an. Márùn-ún lára àwọn ìwé tá a ti jiyàn lé lórí jù ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ná, kí ẹni tó jẹ́ pé kọ́míìkì ọmọdé ló mọ̀ má bàa ta gìrì. Ní 1954, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún ara wọn tí wọ́n pè ní Comics Code. Lábẹ́ ìlànà náà, rere gbọ́dọ̀ borí ibi nínú gbogbo ìtàn, ọ̀daràn sì gbọ́dọ̀ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tú ká: Marvel kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní 2001, DC ní 2011. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà yẹn ni àwọn ìwé kan ti ń jáde láìní òǹtẹ̀ náà lára, tí wọ́n kọ ọ́ sí wọn lára pé àgbàlagbà ni wọ́n wà fún. Ọ̀nà yẹn ni bọ́ọ̀sì fi gba ipò ákítọ̀, ìyẹn akọni inú ìtàn.

Joker méjì, ogún ọdún láàrin wọn

Àríyànjiyàn wa tó gbóná jù wà láàrin Batman: The Killing Joke àti ìwé tí orúkọ rẹ̀ kàn ń jẹ́ Joker. DC ló tẹ méjèèjì. Alan Moore ló kọ èkíní, Brian Bolland ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì jáde ní 1988. Brian Azzarello ló kọ èkejì, Lee Bermejo ló yà á, 2008 ló jáde. Bọ́ọ̀sì kan náà ni, Joker, ọ̀tá akọni tó ń jẹ́ Batman, ìlú kan náà, Gotham, ṣùgbọ́n ìjókòó tí wọ́n fún òǹkàwé jìnnà síra.

Nínú The Killing Joke, Joker ní ẹjọ́ kan tó fẹ́ rò. Ó ní ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu kan ṣoṣo ti tó láti sọ ẹni tí orí rẹ̀ pé jù láyé di wèrè. Kọmíṣọ́nnà Gordon, ọ̀gá ọlọ́pàá Gotham, ló mú láti fi ṣe ẹ̀rí. Ó kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, Barbara ọmọ rẹ̀ lọ ṣí i, ó yìnbọn fún ọmọbìnrin náà níkùn, ọta sì ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ó gbé bàbá lọ sí ọgbà ìṣeré kan tó ti di ahoro, ó bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ó sì fi àwòrán ọmọ rẹ̀ nínú ìrora hàn án. Bí èyí ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni Moore ń mú wa padà sẹ́yìn, sí ìgbà tí Joker jẹ́ aláwàdà kan tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nílé-iṣẹ́ kẹ́míkà, tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, tí kò sì rówó ilé san. Ó gbà láti bá àwọn olè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọjọ́ tí wọ́n dá gan-an ni wọ́n wá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kú nínú ìjàǹbá nínú ilé.

Ìkáàánú yẹn ló ń mú ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Àgùnbánirọ̀ wa sọ pé lẹ́yìn tí òun ka apá yẹn tán, òun ò lè kórìíra Joker mọ́. Olùkọ́ girama fèsì fún un, mo sì rò pé ìdáhùn rẹ̀ ló sún mọ́ ohun tó wà nínú ìwé jù: "Ta ló sọ ìtàn yẹn fún ọ? Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ni. Òun náà sì ló ní nígbà mìíràn, bó ṣe rí nìyẹn nínú orí òun, nígbà mìíràn, ó tún yàtọ̀." Òótọ́ ni. Joker sọ ọ́ láti ẹnu ara rẹ̀ pé bí òun bá gbọ́dọ̀ ní ìtàn àtẹ̀yìnwá, òun fẹ́ kó jẹ́ oríṣiríṣi tí òun lè máa ṣà nínú rẹ̀. Ẹ wá wo Gordon. Ọkùnrin tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ nínú agbo ẹ̀jẹ̀, òun ló ń sọ fún Batman pé kó mú Joker lọ́nà òfin, kí ìkà náà lè rí i pé ọ̀nà tiwọn ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ burúkú náà dé bá a, kò sì ya wèrè. Gbogbo ẹjọ́ tí Joker ń rò wó lulẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá ń fi ìkánjú kà á kò sì ní rí i.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì wa ni ọ̀rọ̀ Barbara. Ó ní: "Mo ń tọ́jú àwọn tí nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó bi ọmọbìnrin yẹn bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n yìnbọn fún un kí bàbá rẹ̀ lè sunkún, kí Batman sì lè bínú." Kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Ní 1999, Gail Simone, tí òun náà padà di òǹkọ̀wé kọ́míìkì, kó orúkọ àwọn obìnrin inú kọ́míìkì tí wọ́n ti pa tàbí tí wọ́n ti ṣe léṣe jọ, Barbara sì wà lára wọn. Láti 1989 ni John Ostrander àti Kim Yale ti gbé Barbara dìde padà nínú ìwé mìíràn: ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ó ń jẹ́ Oracle, kọ̀ǹpútà àti ọpọlọ rẹ̀ ló fi ń ran àwọn akọni lọ́wọ́. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra The Killing Joke nìkan kò ní rí ìyẹn. Moore fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé òun kò ka ìwé náà sí ọ̀kan lára àwọn tó dára nínú iṣẹ́ òun.

Ní ti ọnà, kò sí èyí tó tó o nínú márààrún. Ẹ ṣọ́ bí àwòrán kan ṣe ń parí tí èyí tó tẹ̀lé e sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdúró kan náà, ọwọ́ kan náà, ojú kan náà, bẹ́ẹ̀ ọdún ti yí láàrin méjèèjì. Àtẹ̀jáde méjì ló wà, kí ẹ sì mọ èyí tí ẹ ń rà. Nínú ti 1988, John Higgins ló kun àwọ̀ rẹ̀: àwọ̀ elésè-àlùkò, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewéko, gbogbo rẹ̀ ń dún bí ilé ijó. Ní 2008, Bolland fúnra rẹ̀ tún un kùn. Ó pa àwọ̀ púpọ̀ rẹ́, ó sọ àwọn apá àtẹ̀yìnwá di dúdú àti funfun, àfi ohun pupa tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ títí tí aláwàdà náà fi dé inú omi kẹ́míkà. Àtẹ̀jáde Bolland ni mo fara mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní Garki ò gbà. Ó ní àwọ̀ Higgins ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti dàrú.

Ojú ìwé ìkẹyìn sì tún wà níbẹ̀: Batman àti Joker nínú òjò, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín ẹ̀fẹ̀ kan. Grant Morrison, tó ti kọ Batman fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ ní 2013 pé Batman pa Joker níbẹ̀. Ẹ wò ó fúnra yín. Àwòrán náà fi àyè sílẹ̀ fún méjèèjì.

Wàyí o, Joker ti 2008. Kò sí ìtàn àtẹ̀yìnwá kankan. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé bí ọkùnrin náà ṣe di ohun tó dà. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Arkham, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀daràn tí orí wọn ò pé sí, wọ́n sì rán jàǹdùkú kékeré kan, Jonny Frost, pé kó lọ gbé e. Jonny ló ń wa ọkọ̀, Jonny ló ń sọ ìtàn. Joker bá a pé àwọn ọ̀daràn bíi Penguin àti Two-Face ti pín ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí òun ò sí nílé, ó sì fẹ́ gbà á padà. Harley Quinn, olólùfẹ́ rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ gbólóhùn kan. Batman ò yọjú títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ohun tó mú kí ìwé yìí wọ̀ mí lọ́kàn ni Jonny. Ẹ̀gbọ́n tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Wuse ló kọ́kọ́ sọ ọ́ tó yé mi: "Àbúrò, Jonny yìí mà kún ìlú yìí!" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọmọkùnrin tó ń dúró ní ẹnu géètì ọ̀gá láti àárọ̀, tó ń bá wọn gbé fóònù, tó ń jókòó sí iwájú ọkọ̀ kejì nínú àwọn ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé ara wọn lọ sí Maitama, tó gbà pé bí ọ̀gá bá ti mọ orúkọ òun, òun náà ti di ènìyàn nìyẹn. Irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ó kàn mọ ẹni tó pa, ó sì dákẹ́. Azzarello kò bú Jonny, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó jẹ́ kí Jonny máa sọ ìdí tó fi ń tẹ̀lé ọkùnrin yìí, kí ẹ máa gbọ́ bí ìdí náà ṣe ń tín-ín-rín sí i ní ojú ìwé dé ojú ìwé. Ìparí ìwé ló sọ owó ọ̀yà rẹ̀, mi ò sì ní já a fún yín.

Bermejo yà á débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀: òógùn lójú, ìpata lára irin, ògiri ilé ọtí tó ti ń yọ omi, àpá ní igun ẹnu Joker. Àgùnbánirọ̀ wa ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní kò sí ìtàn níbẹ̀, wọ́n kàn ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń pa ènìyàn. Mo gbà fún un pé àárín ìwé náà fà. Nọ́ọ̀sì wa sì ní ẹ̀sùn tirẹ̀, tí mi ò rí àwíjàre kankan ṣe fún: ohun tí Joker ṣe sí obìnrin tó ti fẹ́ Jonny rí. Azzarello lo ìyà obìnrin láti fi jẹ ọkùnrin níyà, gẹ́gẹ́ bí Moore ti ṣe ní ogún ọdún ṣáájú rẹ̀. Àléébù kan náà ló wà lára méjèèjì, ẹni tí irú rẹ̀ bá sì máa dá lóró gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó ṣí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ìwé tí ọwọ́ òǹṣẹ́nà rẹ̀ mọ́, tí ẹ lè kà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tún rí nǹkan tuntun, ẹ mú The Killing Joke. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ibi ṣe ń rí lójú àwọn tó ń bá a gbé ẹrù, Joker ni. Èkejì ni èmi ń yá àwọn ènìyàn jù.

Nígbà tí akọni rere bá yí padà

Irredeemable gba ọ̀nà mìíràn. Mark Waid ló kọ ọ́, Peter Krause ló ya ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀, BOOM! Studios ló sì tẹ̀ ẹ́ láti 2009 sí 2012, ẹ̀dà 37 lápapọ̀. Plutonian ni akọni tó lágbára jù láyé: ó ń fò, ìbọn ò ràn án, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní ìlú mìíràn. Gbogbo ayé fẹ́ràn rẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ gan-an lẹ ó ti bá a nínú ilé ọ̀kan lára àwọn akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ń pa ọkùnrin náà, ìyàwó àti ọmọ. Kò sí àlàyé. Àlàyé ni gbogbo ìwé yòókù ń wá.

Ìjókòó yín wà lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ́kù, àwọn akọni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n ń sá pamọ́, tí wọ́n sì ń wádìí ohun tí wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jáde. Ọmọ tí wọ́n ń gbé láti ilé alágbàtọ́ kan sí òmíràn ni, nítorí ẹ̀rù agbára rẹ̀ ń ba gbogbo wọn. Ó dàgbà, ó gba ara rẹ̀ gbọ́ pé bí òun bá gba ènìyàn tó pọ̀ là, wọn á fẹ́ràn òun. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rìn tí orí rẹ̀ kì í mì. Etí tó fi ń gbọ́ igbe ẹni tó ń rì sómi náà ló fi ń gbọ́ ẹni tó ń ṣáátá rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́yìn tó gbà wọ́n tán, kò sì ní bó ṣe lè dí i. Nígbà tó bínú tán, ó ba Sky City tó jẹ́ ìlú òun fúnra rẹ̀ jẹ́, ó sì ri Singapore sínú òkun.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Garki ka ìwé yìí tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun rántí gbogbo ẹni tí òun ti yìn rí tí òun ò béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ìyẹn ni agbára rẹ̀. Waid kò ní kí ẹ dárí jì Plutonian, orúkọ ìwé náà ti kọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó ní kí ẹ wo bí ìfẹ́ ìyìn ṣe lè dàbí ìwà rere fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Àwọn kan nínú wa ní àwòrán Krause ti mọ́ jù fún irú ìtàn yìí. Èmi rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Aṣọ akọni tó ń dán, ọ̀run tó mọ́ lóló, ẹ̀rín tó tẹ́ni lọ́rùn, nínú gbogbo èyí ni ó ti ń jó ènìyàn. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni gígùn. Nígbà tí ìtàn lọ sí òde ọ̀run láàrin àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn, ó tú, ó sì pẹ́ kó tó tún fà le. Ìwé kejì rẹ̀ wà, Incorruptible, ẹ̀dà 30, tó jẹ́ pé ọ̀daràn paraku kan, Max Damage, rí ohun tí Plutonian ṣe, ó sì pinnu láti di ẹni rere. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ tó láìsùn ni ara rẹ̀ ṣe ń le tó; tó bá ti sùn, ó di ọmọ ènìyàn lásán. Ẹni tí Irredeemable bá bà lọ́kàn jẹ́, kó mú èyí tẹ̀lé e.

Wanted, àti ìdí tí mi ò fi ń yá ọmọ ọ̀dọ́

Wanted ni mo máa ń ní kí àwọn ènìyàn rò dáadáa kí wọ́n tó mú. Mark Millar ló kọ ọ́, J.G. Jones ló yà á, Top Cow bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní 2003, ẹ̀dà mẹ́fà. Àwọn tó ti wo fíìmù rẹ̀ ti 2008, èyí tí Angelina Jolie kópa nínú rẹ̀, rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Nínú fíìmù, apànìyàn lásán ni wọ́n. Nínú ìwé, bọ́ọ̀sì gbogbo ayé ti para pọ̀ ní 1986, wọ́n ti pa ákítọ̀ run, wọ́n sì ti pa á rẹ́ kúrò nínú ìrántí aráyé. Wesley Gibson, akọ̀wé kan tí gbogbo ènìyàn ń rẹ́ jẹ, gbọ́ pé ọmọ ọ̀kan lára wọn ni òun, ó sì gba ogún bàbá rẹ̀.

Inú orí Wesley lẹ ó wà, òǹkọ̀wé sì fẹ́ kí ẹ gbádùn ibẹ̀. Ojú ìwé ìkẹyìn ni Wesley yí ojú sí òǹkàwé, tó sì bú yín gidigidi. Àgùnbánirọ̀ wa gbèjà rẹ̀ dáadáa: ó ní ìbú yẹn ni ìwé náà, pé Millar fẹ́ kí ẹni tó ń hó yèè láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Mo gbọ́ ọ, mo sì ronú sí i. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kan kò lè tú ohun tí gbogbo ojú ìwé tó ṣáájú rẹ̀ ti dì. Àwòrán Jones dára púpọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ àgbàlagbà, tí ẹ sì fẹ́ mọ ibi tí irú ìtàn yìí lè dé, ẹ kà á.

Nemesis, tí Millar kan náà ṣe pẹ̀lú Steve McNiven ní 2010, kò gùn ju ẹ̀dà mẹ́rin lọ: olówó kan nínú aṣọ funfun tó ń dọdẹ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó ń sáré, ó ń ya ni lẹ́nu, kò sì sí ohun tó kù lọ́wọ́ mi nígbà tí mo pa á dé. Wọn ò tilẹ̀ jiyàn lé e lórí láàrin wa.

Fún ẹni tí kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀

Doctor Strange and Doctor Doom: Triumph and Torment, tí Roger Stern kọ tí Mike Mignola sì yà fún Marvel ní 1989, ni mo máa ń gbé fún ẹni tó bá ní òun kì í ka kọ́míìkì. Doom ti wà láti 1962, ọba ìlú Latveria ni, ìbòjú irin ló máa ń wà lójú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n sí apàṣẹwàá tó fẹ́ gba ayé. Nínú ìwé yìí, àwọn oṣó ńláńlá pàdé láti díje, Strange borí, Doom ṣe ìkejì, ẹni tó borí sì gbọ́dọ̀ ṣe ohun kan fún un. Ohun tí Doom tọrọ ni pé kí Strange bá òun lọ sí ọ̀run àpáàdì láti gba ẹ̀mí ìyá òun lọ́wọ́ Mephisto, ẹ̀mí èṣù tó ń jọba níbẹ̀. Lọ́dọọdún, ní alẹ́ kan ṣoṣo, ni ó ti ń dá jà láti gbà á, lọ́dọọdún sì ni wọ́n ń borí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì kan ní Gwarinpa gba ìwé yìí lọ́wọ́ mi nítorí kí n má bàa bínú. Ó padà wá, ó ní, "Ọmọkùnrin yẹn burú o, àmọ́ kò sí òrìṣà bí ìyá lóòótọ́." Ohun tí mo fẹ́ kó rí ló rí yẹn. Stern kò fi ìbànújẹ́ Doom wẹ ìwà rẹ̀ mọ́. Apàṣẹwàá ló bá wọ̀ ọ̀run àpáàdì, apàṣẹwàá náà ló bá jáde. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó káàánú òun. Ọ̀nà tó gbà láti tú ìyá rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tó ná an, ni mo kà sí ìparí tó dára jù nínú gbogbo ìwé tí mo dárúkọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ The Killing Joke: ìwé méjèèjì fún bọ́ọ̀sì ní ọgbẹ́ ọkàn, ṣùgbọ́n Joker ń fi tirẹ̀ ṣe àwáwí, Doom sì ń fi ìbòjú bo tirẹ̀. Mignola tó yà á ni ẹni kan náà tó dá akọni kọ́míìkì tó ń jẹ́ Hellboy sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ ó sì rí òjìji rẹ̀ níbí tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa kà á

Bí fóònù nìkan lẹ ní, ẹ má fi ra Joker. Iṣẹ́ Bermejo ò gba inú gíláàsì kékeré. Ẹ wá táblẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé gidi. Irredeemable àti Wanted kò ní dà yín láàmú lórí fóònù. The Killing Joke kò pé àádọ́ta ojú ìwé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Idu á ti parí rẹ̀ kí wọ́n tó dé Rigasa ní Kàdúná, á sì ṣì ní àkókò láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ìjókòó kan ló fẹ́. Joker fẹ́ alẹ́ kan, Triumph and Torment náà bẹ́ẹ̀.

Àwọn òbí máa ń bi mí ní ti àwọn ọmọ wọn. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, Triumph and Torment nìkan ni mo lè fún un nínú márùn-ún yìí. Èyí tó bá kéré sí i, ẹ ra Iyanu: Child of Wonder ti Roye Okupe fún un, tí ayé Yorùbá wa kún inú rẹ̀, tàbí Malika tí òun náà ṣe, tó fi Amina ayaba Zazzau ṣe àwòkọ́ṣe. Bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọmọ náà á ní ákítọ̀ tó lè dì mọ́.

Ní ti Irredeemable, ẹ má ra gbogbo ìdìpọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá parí rẹ̀, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn kò sì jẹ́ kí ẹ lè pa á tì, ẹ ra èyí tó kù. Bí ẹ bá lè pa á tì, ẹ fún ẹlòmíràn, kí ẹ mú Doom.